Kí Ilé Tuntun Tó Mọ́ Ẹṣin Ìje Lára

Ẹṣin ìje kì í darúgbó kó tó fẹ̀yìntì. Ẹṣin tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 sí 30 láyé, ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún 2 ni wọ́n ti ń di gàárì lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá ìje, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lórí pápá nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 10. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé eré rẹ̀ ti tán, èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣì ń bẹ níwájú. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ń bá lọ kò pọ̀. Àwọn kan a bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gbá pólò, àwọn kan a di ẹṣin ayẹyẹ Durbar ní ààfin àwọn ẹ́míà, àwọn kan a máa gbé ọmọdé kiri létíkun Èkó, àwọn mìíràn a sì bá ọ̀nà ọjà ẹran lọ. Ọ̀nà kan tún wà: kí ẹni tó ní àyè nílé ra ẹṣin náà, kó mú un lọ síbi tí yóò máa gbé títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Orozo jẹ́ irú ibi tí èrò yìí ti lè wọ ènìyàn lórí. Ilẹ̀ àwọn Gbàgyí ni, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ AMAC ní Àbújá, lójú ọ̀nà tó ti Nyanya gba Jikwoyi àti Kurudu lọ sí Karshi. Ilé tuntun ń yọ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n oko àti pápá koríko kò tíì tán láàárín wọn, ilẹ̀ sì dínwó ju ti àárín ìgboro Àbújá lọ. Kí ló ń mú kí ẹṣin ìje fara balẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ló sì ń ṣàkóbá fún un?

Ohùn mẹ́ta ló máa ń jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ti àwọn tó gbà pé orí ẹṣin ìje gbóná: wọ́n ní kí a máa gùn ún láràárọ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ya olóríkunkun. Èkejì ni ti àwọn tó ní kí a tú u sílẹ̀ sínú ọgbà, kí a má fọwọ́ kàn án fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ní ilẹ̀ Àbújá kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní Kano tàbí Katsina níbi tó ti wá. Kò sí èyí tí kò ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àmọ́ bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, a óò rí i pé àwọn méjì àkọ́kọ́ ń jiyàn lórí ìwà ẹṣin nígbà tó jẹ́ pé ara ẹṣin ló ń sọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní wèrè ẹṣin ìje jẹ́ ebi, inú rírun, àdánìkanwà, tàbí àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò. Bí a bá yanjú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́nà tó bá Orozo mu, ohun tí yóò kù láti kọ́ ẹṣin náà kò ní pọ̀. Bí a kò bá yanjú wọn, kò sí olùkọ́ tí apá rẹ̀ yóò ká a.

Ká ti ọ̀dọ̀ ohùn kẹta bẹ̀rẹ̀, torí bó bá jẹ́ òun ló jàre pátápátá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi gba ilẹ̀. Ìtàn ẹnu sọ pé Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ló sọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin di alágbára nínú ogun Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Tápà, Hausa àti àwọn ará àríwá mìíràn ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, kò sì lè ṣíwọ́ rírà, torí ẹ̀mí ẹṣin kì í gùn níbẹ̀ bíi ti òkè ọ̀hún. Àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ló ń pa wọ́n. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ìtàn yìí sẹ́yìn kọ́kọ́ wo àwòrán ilẹ̀: Ọ̀yọ́ Ilé àti Orozo fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nínú ọ̀dàn tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀ ju ti Kano lọ. Ẹni tó ní Orozo kì í ṣe Kano kò purọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà láti ayé Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Ilé kíkọ́ àti oko dídá ti ṣí igbó tí tsetse ń sá pamọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí odò kò tíì mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn àìsàn náà ti wà. Iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, láti 1924. Ti àìsàn tsetse gan-an wà ní Kaduna. Wọ́n sì ń kọ́ àwọn dókítà ẹran ní yunifásítì tó wà ní Gwagwalada, nínú Àbújá níhìn-ín. Àwọn ẹṣin pólò ẹgbẹ́ Guards sì ń gbé Àbújá. Nítorí náà, ìkìlọ̀ ni kí a gba ọ̀rọ̀ ohùn kẹta sí, kí a má gbà á sí èèwọ̀. Ẹṣin lè gbé Orozo, bí ẹni tó mú un wá bá mọ̀ pé ibi tí òun mú un wá kò dárí ji àìbìkítà.

Ibi tí ìkìlọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni inú ẹ̀jẹ̀. Kí owó tó yí ọwọ́, ó yẹ kí dókítà ẹran fa ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà, kó wò ó bóyá kòkòrò tí tsetse ń gbé wà níbẹ̀, tàbí èyí tí eégbọn ń gbé. Ẹṣin lè máa gbé kòkòrò eégbọn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìṣàìsàn, àfìgbà tí wàhálà ìrìn àjò àti ibi tuntun bá dín agbára ara rẹ̀ kù. Ìrìn Kano sí Orozo sì ju 400 kìlómítà lọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, nínú ooru. Bí wọ́n bá so orí ẹṣin mọ́ òkè jálẹ̀ ọ̀nà, tí kò lè tẹ orí ba láti wú ìdọ̀tí kúrò lọ́nà ọ̀fun, ó lè gbé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dé. Bó bá wá dé, tó dúró ṣigidi, tí kò jẹun, ẹni tó rà á yóò sọ pé àárò ibi tó ti wá ló ń sọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ibà ló ń ṣe é. Títi tẹ́mómítà bọ̀ ọ́ nídìí láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sàn ju gbogbo ìtumọ̀ ìṣesí lọ. Ara ẹṣin tó dá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 38.5 ti Celsius.

Àìsàn tó le jù ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní African horse sickness. Kòkòrò kan tó kéré gan-an sí ẹ̀fọn ló ń gbé e, àṣálẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń jẹ ẹran, ìgbà òjò ló sì máa ń pọ̀. Kò ní oògùn; bó bá mú ẹṣin tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n rí, ó lè pa 9 nínú 10. Ẹṣin ìbílẹ̀ a máa ní ààbò díẹ̀ torí ó ti pẹ́ tó ti ń bá a gbé. Ẹṣin tí ẹ̀jẹ̀ òkèèrè pọ̀ lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Sudan tàbí Argentina fún ìje àti pólò, kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹṣin ní Orozo gbọ́dọ̀ ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, kí ẹṣin sì ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀ ní oṣù òjò. Ewu mìíràn tún wà níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ẹṣin lọ: kí a máa fi oògùn màlúù wo ẹṣin. Amitraz, oògùn eégbọn tí wọ́n ń fún sára màlúù, lè mú kí ìfun ẹṣin dúró gbagidi, kí inú rírun sì pa á. Diminazene, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún màlúù fún àìsàn tsetse, a máa tètè di májèlé fún ẹṣin bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi díẹ̀ kọjá àlà. Ẹni tó bá pe ẹni tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ ní àdúgbò kó wá wo ẹṣin nítorí pé dókítà Gwagwalada jìnnà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó ra.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá mọ́, ikùn ló kàn. Ikùn ẹṣin kì í dúró de oúnjẹ kó tó tu omi kíkan jáde. Tọ̀sán-tòru ló ń tu ú, yálà ẹṣin jẹ tàbí kò jẹ. Nínú pápá, kò burú, torí ẹṣin lè fi wákàtí 16 jẹ koríko lóòjọ́, itọ́ tó ń bá koríko wọlé a sì máa pa kíkan náà. Ní ilé ẹṣin ìje, ọ̀tọ̀ ni. Ọkà ni wọ́n máa ń kó fún un, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó lè ní agbára eré. Koríko rẹ̀ kì í tó nǹkan, ikùn rẹ̀ a sì ṣófo fún wákàtí gígùn. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ní òkèèrè fi ẹ̀rọ wo inú ikùn àwọn ẹṣin tó wà lẹ́nu ìdánrawò ìje, ohun tí wọ́n ń rí lemọ́lemọ́ ni pé èyí tó lé ní 8 nínú 10 ló ní egbò níbẹ̀. Ẹṣin tó ní egbò inú a máa dá etí sẹ́yìn bí wọ́n bá ń fa okùn gàárì mọ́ ọn níkùn, a máa ṣán eyín sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì máa rù bó ti wù kó jẹun tó. Àmì wọ̀nyí gan-an ni ohùn kìíní ń kà sí oríkunkun, tó sì ń fi pàṣán dá lóhùn. Ìwòsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú koríko tí kì í tán níwájú ẹṣin. Ṣùgbọ́n a kì í yí oúnjẹ ẹṣin padà lójijì: àwọn kòkòrò aláìfojúrí tó ń bá a da oúnjẹ nínú ìfun nílò ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láti mọ ohun tuntun. Ẹni tó ra ẹṣin yóò béèrè ohun tó ń jẹ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, yóò ra àpò díẹ̀ nínú rẹ̀ wá, yóò sì máa dín ọkà kù bó ti ń fi koríko kún un. Kí dókítà wo eyín rẹ̀ lákòókò kan náà, kó sì fún un ní oògùn aràn.

Koríko yìí ló gbé ìṣirò wá. Ẹṣin tó wọn kìlógíráàmù 400 nílò nǹkan bí kìlógíráàmù 8 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, nítorí náà yóò tó kìlógíráàmù 30 tútù kó tó ṣe iṣẹ́ 8 gbígbẹ. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, èyí kò ṣòro ní Orozo: eruwà àti eèsún a ga ju ènìyàn lọ. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́, tí iná sì jó pápá, títí òjò yóò fi padà dé. Bí a bá ka ìgbà yẹn sí ọjọ́ 150, kìlógíráàmù 1,200 koríko gbígbẹ ni ẹṣin kan ṣoṣo yóò jẹ. Ẹni tí kò bá gé e, tí kò sá a, tí kò tò ó sábẹ́ òrùlé kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tí kò bá àwọn àgbẹ̀ àdúgbò ṣàdéhùn fún ewé ẹ̀pà gbígbẹ lẹ́yìn ìkórè, yóò padà sídìí ọkà, egbò inú náà yóò sì padà. Kò sì sẹ́ni tó yẹ kó tan ara rẹ̀ pé ẹṣin yóò máa jẹ koríko inú ọgbà ilé. Éékà kan ni a máa ń kà sí ohun tó kéré jù fún ẹṣin kan tó ń jẹ̀ níta. Pulọ́ọ̀tì 8 tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò tó éékà kan. Ohun tó wà nítòsí nílé tún lè jẹ́ ewu. Oúnjẹ adìyẹ tí wọ́n po monensin mọ́ a máa ba ọkàn ẹṣin jẹ́, ìwọ̀n tí adìyẹ ń jẹ láìsí nǹkan kan sì tó láti pa ẹṣin. Àgbàdo tó ti bu, tí wọ́n ní kí a má dà nù kí ẹran jẹ ẹ́, lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Èèpo gbágùúdá tútù, tí ewúrẹ́ ń jẹ níbi gbogbo, ní májèlé tí a kò gbọ́dọ̀ fi dán ẹṣin wò.

Ẹṣin tó yó tún lè máa rìn sọ́tùn-ún sósì lẹ́bàá ọgbà, kó máa hó, kó máa làágùn. Àdánìkanwà ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbọ́ èémí ẹṣin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri; ní Orozo, wọ́n fi í sínú ọgbà tí ajá nìkan wà. Ara ẹṣin gbà á láti tòògbé lóòró, ṣùgbọ́n kó lè sun oorun tó jinlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kì í sì í dùbúlẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ẹṣin tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò máa ta gìrì sí ohun gbogbo. Ẹṣin mìíràn ló dára jù láti bá a gbé, pàápàá àgbà ẹṣin tí ilẹ̀ náà ti mọ́ lára, torí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, òun náà ni ti ẹ̀yìn ń wò dúró jẹ́jẹ́. Kí ọgbà wà láàárín wọn ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó pàdé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ẹṣin méjì lè ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí ewúrẹ́ pàápàá: ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ẹṣin ìje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti ń fi ewúrẹ́ sínú ilé ẹṣin tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ewúrẹ́ kò wọ́n ní Orozo. Níbi tí ohùn kejì ti kùnà gan-an nìyí. Ẹṣin ìje jẹ́ ẹran tí ọwọ́ ènìyàn ń kàn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń bọ́ lákòókò kan náà, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù, tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè láti wo pátákò. Bí a bá fi í sílẹ̀ sínú ọgbà láìfọwọ́ kàn án, a ti gba èyí tó kù nínú ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gàárì ló kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gun ẹṣin ìje máa ń ká ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó lóṣòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fún ẹ̀gbẹ́ ẹṣin mọ́ra. Bó bá fa ìjánu mú, ẹṣin a fi ẹnu tì í, a sì túbọ̀ fi eré sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí ẹni tuntun bá wá gùn ún, tí ẹ̀rù bà á, tó fi ẹsẹ̀ há a mọ́ra, tó sì fa ìjánu pẹ̀lú gbogbo agbára, àṣẹ méjì ló ti pa fún un lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì ló sì ń sọ fún ẹṣin pé kó sáré. Ẹṣin tó bá ta sókè lọ nígbà náà ti gbọ́ràn dójú àmì. Ó tún lè jẹ́ pé wọn kò kọ́ ọ rí láti dúró jẹ́ẹ́ kí ènìyàn gùn ún, torí wọ́n sábà máa ń gbé ẹlẹ́ṣin ìje jù sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń rìn lọ. Gbogbo èyí ṣeé kọ́ lórí ilẹ̀: kí a fi okùn fà á rìn ní àdúgbò, kó mọ ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀ àti ariwo gbohùngbohùn, kó kọ́ láti dúró bí a bá ní kó dúró, kí a fi gàárì lé e láìgùn ún. Kò sí iye ọjọ́ tó bá gbogbo ẹṣin mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ronú oṣù mẹ́ta kó tó gùn ún dáadáa kò ṣàṣejù. Kó tún wo ẹsẹ̀ ẹṣin náà pẹ̀lú, torí egbò iṣan ẹsẹ̀ wà lára ohun tó ń lé ẹṣin kúrò lórí pápá ìje, pátákò tó sì ti ń wọ bàtà irin fẹ́lẹ́ láti kékeré kì í tètè gba òkúta ọ̀nà Karshi láìwọ nǹkan.

Àtakò kan wà tó lágbára ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ẹṣin Durbar ní Kano, èyí tí UNESCO fi sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ayé ní 2024, àti ẹṣin Ojúdé Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú, okùn ni wọ́n fi ń so ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀, ọkà àti èérí ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń gbé ènìyàn láàárín ìlù àti ìbọn. Kí ló dé tí ti Orozo yóò fi gbẹgẹ́ tó báyìí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé okùn kọ́ ló mú ẹṣin ààfin fara balẹ̀, ènìyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni olùtọ́jú rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹṣin mìíràn wà lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ẹ̀yà tí ilẹ̀ yìí ti wò dàgbà. Ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè ni títọ́jú ẹṣin ọba jẹ́, Olókùn-ẹṣin ló sì ń jẹ ẹ́. Ẹ wá fi èyí wé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Orozo: ó ní láti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè bọ́ lọ́wọ́ gósìlóò Nyanya, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó padà. Ẹṣin rẹ̀ yóò dá nìkan wà fún wákàtí 12 lóòjọ́. Owó oṣù olùtọ́jú tó mọ ẹṣin gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò kí owó ẹṣin fúnra rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san án kò ní ohun tí ààfin ní, bó tiẹ̀ ra okùn kan náà.

Àtakò kejì jẹ́ ti owó àti ti ẹ̀rí ọkàn. Kí ni ìdí tí ènìyàn yóò fi máa bọ́ ẹran tí kò mú nǹkan wọlé, nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ kò tíì jẹun? Kò sẹ́ni tó ní kí gbogbo ènìyàn ṣe é. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé ta ló jẹ ẹṣin yìí ní gbèsè, ìdáhùn rẹ̀ sì ni àwọn tó jàǹfààní eré rẹ̀. Ojú ti àwọn ará Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gba èyí. Ferdinand, tó gba ìje Kentucky Derby ní 1986, tó sì di Ẹṣin Ọdún ní 1987, ni wọ́n tà sí Japan. Ní 2003 ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti pa á níbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú nígbà tí kò wúlò mọ́ fún bíbí ọmọ. Ní 2012, àwọn oníṣòwò ìje níbẹ̀ dá Thoroughbred Aftercare Alliance sílẹ̀, tó ń yẹ ibùdó àwọn ẹṣin tó fẹ̀yìntì wò, tó sì ń fún wọn lówó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2000 ni àjọ Retraining of Racehorses ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, Èkó ti ní pápá ìje láti 1859, níbi tí wọ́n ti ta àsíá òmìnira sókè ní 1960, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Tafawa Balewa Square. Kano, Katsina àti Kaduna ṣì ń sá ìje. Kò yẹ kí ilẹ̀ tó ti ń jẹ adùn eré ẹṣin láti ìgbà yẹn máa dúró de àánú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ẹgbẹ́ ìje bá ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìforúkọsílẹ̀ ẹṣin kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti koríko ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yóò ti wà nílẹ̀ kí eré tó parí. Ẹni tó gbà á sílé yóò wá bá iṣẹ́ tó ṣeé ṣe.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin ni gbogbo rẹ̀ ṣì wà, àgbéyẹ̀wò yìí sì ti fún un ní òdiwọ̀n tí kò ṣòro lò. Ṣé dókítà tó mọ ẹṣin, tó yàtọ̀ sí ẹni tó mọ màlúù, gbà láti wá bó bá pè é lóru? Ṣé kìlógíráàmù 1,200 koríko gbígbẹ ní ibi tí yóò wà? Ṣé ẹran mìíràn wà tí yóò bá a gbé, ṣé ènìyàn kan sì wà nílé ní ọ̀sán? Ṣé ó lè fara dà á fún oṣù mẹ́ta kó tó gùn ún? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sídìí tí Orozo kò fi lè jẹ́ ilé fún un, ẹṣin tí wọ́n pè ní wèrè lórí pápá sì lè di èyí tí ọmọdé ń fà kiri. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ rárá, àánú tó sàn jù tí onítọ̀hún lè ṣe ni kó fi ẹṣin náà sílẹ̀ níbi tí olùtọ́jú rẹ̀ wà, kó sì máa fi owó tí ì bá fi rà á ra oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀.